Ẹyọ Èkùrọ́ Tí Òkété Jù Mọ́ Òkìtì

Ẹni tó rìn jìnnà, tí a kò gbúròó rẹ̀, títí dìgbà wo la ó máa bu tirẹ̀ sílẹ̀? Mo ti bi ara mi títí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi gbè é.

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó di inú igbó, ó bá Òkété lẹ́nu ihò rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá. Àwọn ẹranko kó èkùrọ́ jọ sínú ihò Òkété, torí pé ihò rẹ̀ jìn. Àdéhùn wọn ni pé bí ebi bá dé, wọn yóò pín in dọ́gba. Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, bí kò bá pín dọ́gba, kò ní jáde rárá. Ọwọ́ Òkété ni yóò wà di ọdún mìíràn.

Ọmọ Àdàbà gbé tirẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni òun àti àwọn mélòó kan wá omi lọ. Wọn kò tíì dé. Ẹ̀gbẹ́ kan ni Àdàbà ń sùn nínú ìtẹ́, kí àyè ọmọ rẹ̀ lè wà.

Èkùrọ́ náà pé ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹgbàá lọ́nà mẹ́wàá. Òkété mọ̀ pé márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kà á nínú igbó wọn. Ó mú ẹyọ kan nínú tirẹ̀, ó jù ú mọ́ ọn. Ó ní, "Kí n rí ẹni tó máa pín in."

Ebi dé. Wọ́n pín in sọ́nà méjì, fún àwọn tó ń fò àti àwọn tó ń rìn. Ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Wọ́n pín in sọ́nà mẹ́rin, ẹyọ kan. Márùn-ún, ẹyọ kan. Mẹ́wàá, ẹyọ kan náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," Òkété wí, ó ń nu ẹnu. "Òkìtì yìí kò ṣeé pín. Ẹ jẹ́ n kó o wọlé."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Òkété, ẹnu rẹ ń dán fún àdín. Ṣé ebi kò mọ ọ̀nà ilé rẹ ni?"

Àdàbà dìde. "Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta. Àwọn tó ń fò, àwọn tó ń rìn, àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi."

Òkété rẹ́rìn-ín. "Ìyá Àdàbà, ẹni tí kò sí nílé ló fẹ́ jẹun?"

"Nígbà tí ọmọ mi gbé èkùrọ́ wá, o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. O ò sọ fún un pé kò sí."

Bàbá Ìgbín, àgbà wọn, ní kí wọ́n pín in. Wọ́n ń tò ó síbi mẹ́ta títí ilẹ̀ fi ṣófo. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Ara Òkété kò gbà á. "Ẹyọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi jù ú sí i."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìgbà yẹn ló tó mọ ohun tí òun sọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ẹ yọ ọ́ fún un, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Á wá pín sí méjì, a ó sì yó ju báyìí lọ."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá pín sí méjì, kò ní pín sí mẹ́ta mọ́, kò sì ní sí ti àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Àdàbà kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ bá mi fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀. Bí kò bá ti sí ìpín ọmọ mi níbí, kí ni mo fẹ́ máa wò?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wolẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló já ewé, ó fi bo òkìtì kẹta. Wọ́n lé Òkété kúrò láàárín wọn lọ́wọ́ òfo. Àdàbà jókòó ti òkìtì náà, ó kọjú sí ọ̀nà odò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fẹ́ gba ti gbogbo ayé yóò pàdánù ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì yára yọ ẹni tó rìn jìnnà kúrò nínú yín.

Ó pẹ́ gan-an, ní kíláàsì àwọn àgbà tí mo ti kọ́ ìṣirò, kí n tó mọ̀ pé òkìtì kẹta yẹn fúnra rẹ̀ ṣì ṣeé pín. Bí arìnrìn-àjò mọ́kàndínlọ́gọ́ta bá dé bá a, kálukú yóò gba mẹ́tàléláàádọ́fà, ẹyọ kan kò ní ṣẹ́ kù.