Ìwé Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Jáde Wá Gbà

Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníhùn kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bá a jiyàn jáde yunifásítì bọ̀rọ̀. Adéṣewà kọ ìwé àṣekágbá tirẹ̀ lórí ìwúlò àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù kiri ìgboro, tí ẹrù fi ń dé lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní wọn ò wúlò ju kí wọ́n gbé ìrẹsì fún ọ̀lẹ lọ. Ó ní, "Kó tó di aago mẹ́rin òní, kí ìwé yẹn dé ọwọ́ èmi fúnra mi, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀." Ló bá gbalé lọ, ó sì kìlọ̀ fún mẹ́gádì pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò gbọdọ̀ wọlé. Adéṣewà ò tiẹ̀ dé ẹnu géètì yẹn. Ó fi bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn wé ìwé ọ̀hún, ó kọ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n sí i gàdàgbà, ó sì pe ọlọ́kadà kan. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta àbọ̀, ọlọ́kadà ti dé. Mẹ́gádì nawọ́, ọlọ́kadà ní, "Rárá o, bàbá, ẹni tó ni orúkọ ló ń fọwọ́ sí tiwa." Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe gbọ́ pé ẹ̀bùn dé, ó sáré jáde láìwọ bàtà, ó gba ẹrù, ó fọwọ́ sí rìsíìtì, ó kọ aago sí i, ó ya bébà. Ìwé Adéṣewà ló yọjú. Ló bá pè é lórí fóònù: "Ṣé èmi lo ṣe báyìí fún?" "Ẹ má bínú, sà," ni Adéṣewà wí. "Mo fi ojú ewé tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ lófìfo fún ìwúlò kan tó kù. Ẹ bá mi lẹ rìsíìtì tẹ́ ẹ fọwọ́ sí yẹn mọ́ ọn."