Ẹni Tó Fọ Ìmọ̀ràn Mu

"Ìwé ìmọ̀ràn, kíkà là ń kà á, ẹni tó bá fọ̀ ọ́ mu, omi ló mu." A máa ń pa òwe yìí, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i, nítorí ta ni yóò fọ ìwé mu? Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ǹjẹ́ ẹ̀yin mọ̀ ọ́n? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn náà kò dùn ún sọ.

Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò obì tó ń lọ sí ilẹ̀ Hausa mú ìwé kan wá fún ọba Òkè-Ayùn. Ìwé Lárúbáwá ni, ó sì ti gbó kí ó tó kọjá aṣálẹ̀. Apá kan rẹ̀ ń kọ́ ọba bí a ti ń ṣàkóso ìlú. Apá kejì ń sọ nípa ìràwọ̀, òǹkà àti agbára tó fara sin. Ṣùgbọ́n ẹwà ìwé náà ni ọba fẹ́ràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Wọ́n fi wúrà yí etí ewé rẹ̀ po, wọ́n fi aró àti pupa ya òdòdó sí i, débi pé bí a bá ṣí i lójú oòrùn, ńṣe ló ń kọ mànà. Àlejò ni Kábíyèsí máa ń ṣí i hàn. Àáfà Bùsàrí nìkan ló lè kà á ní gbogbo ìlú, ó sì ti bẹ ọba títí pé kí òun máa kà á sí i létí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọba ní ọ̀rọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò ní sá lọ.

Ọ̀rọ̀ kò sá lọ lóòótọ́. Àrùn onígbáméjì ló dé, ní ọdún kan tí òjò pọ̀ jù. Ó mú ará ìlú, ó sì mú Adérójú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Olorì Àwẹ̀ró rí bí lẹ́yìn tí ayé ti ń pè é ní àgàn.

Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn ní Òkè-Ayùn, àáfà a fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára wàláà, a fi omi fọ̀ ọ́, ọmọ a sì mu omi náà. Hàntú ni wọ́n ń pè é. Ọba wá rò ó pé bí tàdáwà lásán bá ń wo ọmọ sàn, wúrà ńkọ́? Ó ní kí Àáfà wá ojú ewé tó rẹwà jù nínú ìwé náà, kí ó fọ̀ ọ́ fún Adérójú.

Àáfà ṣí ìwé títí ó fi kan ewé náà.

"Kábíyèsí, ibí yìí ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn tó bá wọ ìlú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á."

Ọba kò tíì fèsì tí olorì fi kúnlẹ̀. "Àáfà, ẹ ṣàánú mi. Ọmọ mi kò lè dúró de ìwé kíkà. Ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

Àánú ìyá ọmọ ṣe Àáfà, kò sì lè jiyàn mọ́. Olorì kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ kankan fọwọ́ kan omi náà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ fà á ní kànga ààfin tí gbogbo ìlú ń pọn, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó gbé e wá. Àáfà da omi sójú ewé, ó ń fọwọ́ ra á. Tàdáwà ṣàn, aró ṣàn, wúrà léfòó bí epo. Àwẹ̀ró gbé orí ọmọ lé itan, ó ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ó ń kì í. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ náà púpọ̀. Ó mu ún tán, ó ní kí ìyá òun bu sí i.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Adérójú ti kú.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Àáfà sá ìwé náà sóòrùn. Ewé tó fọ̀ ti ṣófo, ṣùgbọ́n èyí tó ṣáájú rẹ̀ ṣì wà. Ó ka gbólóhùn ìsàlẹ̀ rẹ̀: "Bí onígbáméjì bá wọ ìlú, ohun tí ọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dí ni..." Ìyókù ti bá omi lọ. Àmọ́ àwọn tó ń fọwọ́ kọ ìwé Lárúbáwá ní àṣà kan: ọ̀rọ̀ tí ewé tó kàn yóò fi bẹ̀rẹ̀, wọn a ti kọ ọ́ sí igun ìsàlẹ̀ ewé tó ṣáájú, kí ewé má baà ṣì tò. Ọ̀rọ̀ kan yẹn wà níbẹ̀, kékeré, láìsí wúrà kankan lára rẹ̀. Kànga ni.

Ó gbé ìwé náà lọ sí ààfin pẹ̀lú omijé lójú. Olorì béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, Àáfà sì sọ fún un. Olorì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Èmi ni mo fà á," ó ní.

Ọba dí kànga náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, àrùn sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ ti gé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ ló wá ń sọ abẹ nù. Ohun tí abẹ yóò ṣe, ó ti ṣe é. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá ní òun fẹ́ rí ìwé olówó-iyebíye yẹn, ewé tó ṣófo ni Kábíyèsí máa ń ṣí fún un. Á sì ní, "Kíkà ló yẹ kí n kà á. Mo fọ̀ ọ́ mu, omi ni mo mu."

Ibẹ̀ ni òwe yìí ti ṣẹ̀. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó ń wá ìmọ̀ràn kiri, tó ń bọ̀wọ̀ fún agbaninímọ̀ràn, tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọn gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Wọn kì í pa á létí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Olorì Àwẹ̀ró pẹ́ láyé, kò sì pa á rí títí ó fi lọ.