Télọ̀ Tí Kò Yẹ Àdéhùn Rí
Olóyè Àjàlá pàṣẹ fún Fọláṣayọ̀, tó máa ń jókòó sílé bá a wádìí èèyàn: “Lónìí, bá mi wádìí Gbádébọ̀ télọ̀, àfẹ́sọ́nà ọmọ mi. Má jáde, má fọwọ́ kan fóònù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́.” Fọláṣayọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó kígbe sí aládùúgbò rẹ̀: “Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, ẹ má sọ fẹ́nì kankan o! Gbádébọ̀ ò yẹ àdéhùn rí!” Kíá, èrò kún ẹnu ọ̀nà láti já a nírọ́: àwọn tí aṣọ Iléyá èṣí wọn ṣì wà lọ́dọ̀ Gbádébọ̀, àti ìyàwó méjì tó ti ní nílé. Olóyè dé, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó rẹ́rìn-ín: “Ó yá, wádìí èmi náà!” Fọláṣayọ̀ kọjú sí fèrèsé: “Ẹ jẹ́ kí n yìn yín, sà.” Olóyè dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀: “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí!”