Igbá Kan Tó Kù Létí Odò Ọ̀wẹ

Lọ́jọ́ tí ogun ẹlẹ́ṣin kó ìlú Ìlàsẹ̀, odò Ọ̀wẹ ti kún dé ẹnu bèbè. Ogun ń bọ̀ lẹ́yìn, omi ń bẹ níwájú, àwọn tó sá àsálà kò sì ju igba ènìyàn lọ, arúgbó àti abiyamọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Ẹfúnyẹlá, ọmọ arógun-má-sàá, obìnrin tí kì í gbọ́ ìró ogun kó sá wọ yàrá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ló ń wò ṣáá. Ọdẹ́ríndé, ọdẹ tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló dúró lẹ́nu bodè láti dá ogun dúró kí àwọn tó kù lè ráyè sá. Ohun tó sọ fún un kò ju gbólóhùn kan lọ: "Dúró dè mí létí odò."

Àwọn ará òdìkejì kò mọ̀ wọ́n rí. Igbá ńlá ni wọ́n fi ń gbé èrò kọjá níbẹ̀: èrò á gbàyà lé igbá, agbérò á máa wẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, á máa tì í lọ. Bí wọ́n ti gbọ́ igbe, wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n bọ́ sómi, wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo èrò ti gúnlẹ̀, ó ku Ẹfúnyẹlá.

Ọ̀ṣúntúyì, àgbà tó jẹ́ olórí àwọn agbérò, ní, "Ọmọ mi, ó yá. Eruku ẹṣin ni mò ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn."

"Bàbá, ẹ ti bá wa wọ ìjàngbọ̀n. Bí wọ́n bá kọjá, ẹ̀yin náà ni wọ́n máa kó lẹ́rú. Ẹ jẹ́ ká lu ihò sí ìdí igbá mẹ́wàá, ká fi amọ̀ dí i, ká tò ó síbí dè wọ́n. Ará pápá ni wọ́n, kí ni wọ́n mọ̀ nípa igbá?"

Ojú bàbá tàn, kó tó rántí ẹni tí Ẹfúnyẹlá ti sọ fún un pé òun ń dúró dè. "Ọkọ rẹ ńkọ́? Bó bá ṣáájú wọn dé, tó sì mú ọ̀kan?"

Ẹfúnyẹlá sunkún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé akọni kì í sunkún. Ó nu ojú, ó ní, "Ẹ lu ú. Ẹnìkan ni mo fẹ́, igba ènìyàn ló wà lọ́rùn mi."

"Ó dáa. Èmi á fara pamọ́ sínú eèsún pẹ̀lú igbá kan tí kò lu. Bó bá dé, màá gbé e wá bá ọ."

"Bàbá, ẹ ò mà mọ̀ ọ́n!"

"Ìwọ náà, mo mọ̀ ọ́ lánàá ni? Máa lọ."

Wọ́n to igbá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síbẹ̀, Ẹfúnyẹlá sì kọjá. Àwọn ẹlẹ́ṣin dé, wọ́n rí igbá, inú wọn dùn. Olórí ogun àti àwọn akíkanjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbàyà lé e, tàwọn ti ọ̀kọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n dé agbami, amọ̀ yọ́. Odò Ọ̀wẹ kó gbogbo wọn lọ. Àwọn tó kù wo omi, wọ́n wo ara wọn, wọ́n yí orí ẹṣin padà sílé.

Ọjọ́ kẹrin ni Ọ̀ṣúntúyì tó wẹ̀ padà. Fìlà ọdẹ kan ṣoṣo ló wà nínú igbá.

"Mo dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, kò dé. Mo bá rìn dé bodè yín. Ibi tó dúró sí náà ló kú sí, kò sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Mo sin ín bí ẹni ń sin ọmọ mi."

Ẹfúnyẹlá kò fi etí odò náà sílẹ̀ mọ́. Òun ló tẹ ìlú dó síbẹ̀, tó sọ ọ́ ní Dúródèmí. Ó kọ́ iṣẹ́ igbá lọ́wọ́ àwọn àjèjì tó gbà á, títí tó fi hu ewú lórí, òun ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sómi. Afárá ti wà níbẹ̀ báyìí, síbẹ̀ igbá kan gbọdọ̀ wà ní bèbè òkè ọ̀hún nígbà gbogbo. Bó bá fọ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí àjèjì bá sì ké láti ibẹ̀, ará Dúródèmí kì í béèrè pé ta ni. Ohun tí wọ́n fi ń dá a lóhùn ni pé, "Dúró o, à ń bọ̀!"