Àkísà Ọrùn Ọmọ Ọyẹ́

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Bóyá ni ọmọ Yorùbá kan wà tó dàgbà tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Àwọn tó mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ ni kò pọ̀. Ǹjẹ́ ìwọ tí ò ń kà á mọ̀ ọ́n? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní abúlé Ìdí-Àpá nìyí.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí lọ́jọ́ náà tí Ọmọ Ọyẹ́, ère àkísà tí àwọn ọmọdé ń gbé nígbà ọyẹ́, fi jáde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yéyé Ẹ̀fúnwùmí. Àyìnkẹ́, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, ni ó gbé e. Ọmọ mẹ́tàdínlógún tẹ̀lé e, wọ́n ń kọrin, eruku ọyẹ́ sì ti sọ orí gbogbo wọn di funfun. Ilé Akinwándé, oníṣòwò aṣọ, ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ilé Akinwándé kò sí lára ilé tí wọ́n máa dé, Àyìnkẹ́ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan Ọmọ Ọyẹ́ rárá.

Yéyé Ẹ̀fúnwùmí ni ó ń bá àwọn òbí tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ nígbà tí wọ́n bá lọ sóko. Ó ní eré tí ó ń kọ́ wọn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Bí òjò bá ń rọ̀, amọ̀ ni wọ́n ń mọ: ìkòkò, ewúrẹ́, odó kékeré. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, wọ́n á gé ṣóńṣó ìkarahun ìgbín, wọ́n á fi ta òkòtó. Bí ọyẹ́ bá wá dé, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, Ọmọ Ọyẹ́ ló kàn.

Igi méjì tí wọ́n dè ní ìbú àti òró ni egungun rẹ̀. Àkísà ni ẹran ara rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú àkísà kan wá láti ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀, kí ó sọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ gbó, kí ó tó dì í mọ́ igi náà. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n á gbé e káàkiri abúlé, àwọn onílé á sì fún wọn ní iṣu sísun àti ẹ̀pà. Ilé tí àkísà ti wá nìkan ni wọ́n ń yà sí. Ọmọ tí kò bá mú àkísà wá kò gbọdọ̀ bá wọn jó. Orin wọn kò gùn:

Ọyẹ́, ta ló bí ọ?
Gbogbo ilé ló bí mi.
Kí lo wọ̀ wá?
Mo wọṣọ baba, mo wọṣọ ìyá.
Ẹ ṣílẹ̀kùn, òtútù ń mú mi.

Àyìnkẹ́ mọ orin náà ju àwọn tí wọ́n bí sí Ìdí-Àpá lọ. Àkísà ni kò ní. Ìyá rẹ̀, Mọ́ládùn, ti ṣaláìsí ní èṣí. Nígbà tí iná tún wá jó ilé wọn láìku òwú kan, baba rẹ̀ fà á lé Akinwándé, ẹ̀gbọ́n Mọ́ládùn, lọ́wọ́, kí òun lè ráyè kọ́ ilé mìíràn. Akinwándé dá aṣọ mẹ́wàá fún ọmọ náà kí oṣù tó lé. Ṣùgbọ́n kò sí àkísà nínú ilé rẹ̀. Ó gbà pé kò yẹ kí oníbàárà bá aṣọ gbígbó nílé ẹni tó ń ta tuntun, nítorí náà èyí tó bá ti ṣá, ó ti fi tọrẹ.

Ní ọjọ́ kejì eré náà, Àyìnkẹ́ fi ọ̀bẹ gé etí ìró rẹ̀ tuntun, ó sì mú un lọ. Ògúndépò, tí ó ń gba àkísà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Ògúndépò, àkísà tirẹ̀ sì ń rùn bí ilá débi pé ìdí Ọmọ Ọyẹ́ ni Yéyé ní kí wọ́n dì í mọ́, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e wá sí imú ẹnikẹ́ni. Ògúndépò fọwọ́ pa aṣọ Àyìnkẹ́ wò.

"Èyí kò tíì mọ omi," ó wí. "Ta ló wọ̀ ọ́ gbó?"

Ni àwọn ọmọ yòókù bá sọ Àyìnkẹ́ ní Aláṣọ-má-lákìísà. Yéyé wà ní ẹ̀yìnkùlé, kò gbọ́. Ọmọ náà ká aṣọ rẹ̀, ó sì lọ sílé láìsunkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Akinwándé fà á lọ́wọ́ wá. Inú ń bí i, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Yéyé, wọ́n ní ọmọ mi kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jó. Aṣọ mẹ́wàá ni mo dá fún un. Ẹ̀yin alára, ẹ ò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mẹ́jọ ni tèmi," ni Yéyé dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n, Akinwándé, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èyí tí ìbá ní ti bá iná lọ. Ta ni yóò fún un, bí kò ṣe àwa tí tiwa ṣì wà nílẹ̀?"

Ó wọlé, ó gbé àpò kan jáde tí ó wú bí ikùn ewúrẹ́ tó lóyún, ó sì tú u títí ó fi fa aṣọ aláró tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, tí àwọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kan náà ni Mọ́ládùn ti ṣeré nígbà tí kò ju Àyìnkẹ́ lọ. Pé ó gun igi àgbálùmọ̀, ẹ̀ka fa ìró rẹ̀ ya, òun Yéyé sì gé ibi tó ya, òun fi pamọ́.

Àyìnkẹ́ gbé aṣọ náà sí imú. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò.

"Àkísà ta ni?" Ògúndépò bi í, bí òfin ti wí.

"Ti ìyá mi," ó dáhùn. "Orí igi àgbálùmọ̀ ló ti fà á ya."

Ògúndépò ní àkísà yìí dára ju tòun lọ, nítorí kò rùn bí ilá. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Àyìnkẹ́ pẹ̀lú. Ó dì í mọ́ ọrùn Ọmọ Ọyẹ́, Ògúndépò sì gbé igi náà lé e lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí fún ọ̀dọ́ tí ó rò pé ohun tí òun ní ti sọ òun di ẹgbẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ní Ìdí-Àpá, wọ́n tún ń pa á fún àgbà tí ó bá ń fi àìmọ̀ ọ̀dọ́ ṣẹ̀sín, kí ó lè rántí ṣí àpò tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Akinwándé sọ lẹ́yìn náà pé, bí òun bá rántí dáadáa, pupa ni ìró tí àbúrò òun fi ń ṣeré, kì í ṣe aláró. Wọ́n bi Yéyé. Ó so ẹnu àpò rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Ọ̀rẹ́ Mọ́ládùn tí wọ́n jọ gun igi àgbálùmọ̀ náà ṣì wà láyé nígbà náà, nílé ọkọ rẹ̀ ní òdìkejì odò. Wọ́n ránṣẹ́ sí i láti bèèrè àwọ̀ ìró náà. Nígbà tí ìtàn yìí kúrò ní Ìdí-Àpá, ìránṣẹ́ náà kò tíì padà dé.