Yàrá Tí Kò Ṣí Rí

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, ilẹ̀kùn kan wà tó já sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Láti ìgbà tó ti ra ibẹ̀, kò ṣí i rí. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, nǹkan kan a máa mí nísàlẹ̀, bí ẹni tó ti sùn pẹ́. Ọkùnrin náà a sì yí rédíò rẹ̀ sókè.

Nígbà tó fẹ́ tà á, oníbúrẹ́dì kan àti ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Oníbúrẹ́dì ní ààrò òun wúwo, ilẹ̀ tó le ló lè gbà á. Ó bèèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà lábẹ́ ibí?”

“Yàrá lásán ni, àbúrò. Ó gbẹ, ó le bí àpáta.”

Oníbúrẹ́dì gbà á gbọ́, ó rà á láìṣí ilẹ̀kùn náà wò, ó sì gbé ààrò rẹ̀ síbẹ̀.

Ìyẹ̀fun tó pò kọ̀, kò wú. Ògiri ń làágùn nígbà tí òjò kò rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ń gbọ́ mímí lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Ọkọ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ayálégbé wọn ni, kó lọ gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ là. Kànga àtijọ́ ló wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà, omi rẹ̀ dúdú, ó ń lọ sókè sódò. Ààrò rì sínú rẹ̀. Ìyàwó náà yọ nínú ewu náà láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gbé e mọ́.

Oníbúrẹ́dì pe ẹni tó tà á fún un lẹ́jọ́. Ní kóòtù, ọkùnrin náà ní òun kò purọ́, òun kò mọ̀ pé kànga wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, kò mọ̀. Agbẹjọ́rò oníbúrẹ́dì kò bá a jiyàn. Ó kàn bi í pé kí ló dé tí kò fi ṣí ilẹ̀kùn náà.

Ọkùnrin náà dáhùn pé, “Ẹ̀rù ohun tí mo lè rí ló ń bà mí.”

Adájọ́ ní ẹni tó gbà lóòótọ́ pé yàrá ṣófo kì í sá fún un. Ó ní ẹni tó fẹnu sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà, kí ẹlòmíràn lè gbára lé e, ẹ̀tàn ló ṣe, bí kò tilẹ̀ mọ òtítọ́. Ṣọ́ọ̀bù padà sọ́rùn ọkùnrin náà, pẹ̀lú gbogbo àdánù oníbúrẹ́dì.

Tinúadé ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ kí o fọwọ́ síwèé lọ́la fún àwọn tó fẹ́ bá a dòwò pọ̀, pé ọjà kún ilé ìkẹ́rùsí òun. Mo bi ọ́ bóyá o ti débẹ̀. O ní o kò fẹ́ máa tú ọ̀rẹ́ rẹ wò. Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Bí ó bá dá ọ lójú pé ọjà wà níbẹ̀, lọ wò ó. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kọ̀ láti lọ, a jẹ́ pé ọkàn rẹ ti dá ọ lóhùn. Jọ̀ọ́, má fọwọ́ sí i.