Odídẹrẹ́ Tó Ń Sanra

Bàbá Fọlárìn tú èéfín tábà sílẹ̀, ó sì pe ìyàwó rẹ̀: "Wá wo odídẹrẹ́ mi, ó ń sanra bí olóyè!"

Ìyá Fọlárìn sún mọ́ àgò. Ìyẹ́ ẹyẹ náà wú, ó lanu sílẹ̀, ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí. Láti àárọ̀, kò tíì bú àlejò kankan bó ti máa ń ṣe.

"Sísanra kọ́, mímí ló nira fún un. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀."

Ó gbé e lọ bá dókítà ẹran, ẹni tó fún un lóògùn, tó sì ní kí èéfín jìnnà sí i.

Lọ́jọ́ karùn-ún, èébú odídẹrẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Inú bàbá dùn, ó bọ́ síta lọ fa tábà, ni ikọ́ líle bá gbé e.

Ìyá Fọlárìn wò ó títí. "Ìyẹ́ ló bo àìsàn odídẹrẹ́. Kí ló bo tiyín, Bàbá Fọlárìn?"